Oró Òkun Kọ́ Ló Tú Ẹ̀jẹ̀ Àkànbí

Ní ọjọ́ kẹrin tí Àkànbí ti Èkó dé ni wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù ní Òṣogbo. Ọmọ ọdún 14 ni. Àkànbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá rẹ̀ ló fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ yìí síta, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fà á lápá wọlé, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nọ́ọ̀sì fún un ní ike pé kó tọ̀ sí i. Ohun tó jáde dúdú bíi sóbò.

Kí n tó bèèrè ohunkóhun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ ohun tó fà á fún mi. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹranko inú òkun ló ta á. Oró rẹ̀ ló ń fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo kà á.” Ó ti ṣí fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì nà án sí mi. Ọmọ yunifásítì ni, ohun tó ń kà yé e. Èmi náà kà á, òótọ́ sì ni ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe oró òkun ló ń tú ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ibi tí oró tòótọ́ gbà wọlé, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, nítorí kò sí àdúgbò kan ní Òṣogbo tí irú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ lónìí.

Àǹkù rẹ̀ tó ń gbé Èkó ló kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn òkúta ńláńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n kó wọ inú òkun láti fi dá ìgbì dúró. Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, Àkànbí rí ohun kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta. Ó rọ̀, ó sì ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ tó yí ẹnu rẹ̀ ká, tó ń mì nínú omi díẹ̀ tó ṣẹ́kù. Ó fi ìka mẹ́ta tọ́ ọ wò. Àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ náà ká wọlé, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó o gidigidi. Àǹkù rẹ̀ fi omi òkun ṣan ọwọ́ náà. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kó ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà. Ó ṣe dáadáa, nítorí ooru máa ń ba irú oró bẹ́ẹ̀ jẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìrora ti lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo, àwọn ilà pupa tínínrín díẹ̀ ló kù lára ìka rẹ̀. Ó jẹun, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹranko ni ohun tó fọwọ́ kàn, bó tilẹ̀ jọ òdòdó. Sea anemone ni wọ́n ń pè é, mọ̀lẹ́bí jellyfish ni. Kò ní egungun, kò ní ojú, kò sì lè sáré lé ohun tó fẹ́ jẹ. Ibi tó lẹ̀ mọ́ náà ló ti ń dúró de ẹja wẹ́wẹ́ àti edé. Àwọn àpò tíntìntín ló kún inú awọ ọwọ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀, okùn ṣóńṣó kan sì ká jọ sínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan bá ti fara kàn án, okùn náà á ta jáde, á gún nǹkan náà, á sì tú oró sí i lára kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Oró náà pé oríṣiríṣi. Àwọn kan ń da iṣan láàmú, àwọn ló ń mú kí ẹja rọ. Àwọn mìíràn ń lu awọ sẹ́ẹ̀lì ní ihò. Ti àwọn tó ń lu ihò yìí ni ẹ̀gbọ́n Àkànbí kà.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí oró anemone. Lọ́dún 1902, Charles Richet àti Paul Portier ní ilẹ̀ Faransé ń gún un lábẹ́rẹ́ fún àwọn ajá, wọ́n sì rí i pé ajá tó ti gbà á nígbà kan tí kò kú lè kú kíá bí wọ́n bá tún fún un ní ìwọ̀n kékeré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàwárí anaphylaxis, ìyẹn ohun tó ń mú kí abẹ́rẹ́ penicillin tàbí ẹ̀pà dá ẹ̀mí ẹlòmíràn légbodò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Richet gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1913. Nígbà tó di 1974, Ferlan àti Lebez ní ìlú Ljubljana, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Slovenia lónìí, yọ pùrótéènì kan jáde lára anemone pupa tí wọ́n ń pè ní Actinia equina. Wọ́n sọ pùrótéènì náà ní equinatoxin. Wọ́n tún rí irú rẹ̀ tó ń jẹ́ sticholysin lára Stichodactyla helianthus tó wà nínú òkun Kuba. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, actinoporin sì ni orúkọ ẹbí wọn.

Actinoporin ò tóbi, bíi 20 kilodalton ni (òun ni wọ́n fi ń wọn bí pùrótéènì ṣe wúwo tó). Ọ̀rá kan tó ń jẹ́ sphingomyelin, tó wà ní ojú ìta awọ sẹ́ẹ̀lì, ni ó ń wá kiri. Bó bá ti kàn án, á lẹ̀ mọ́ ọn. Apá rẹ̀ kan á tú sílẹ̀, á sì wọnú awọ náà lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá bá a níbẹ̀, wọ́n á tò yí po ní òrùka, àárín òrùka náà á sì di ihò. Nínú àwòrán tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2015 nípa ọ̀kan nínú wọn, fragaceatoxin C, ẹyọ mẹ́jọ ló para pọ̀ di òrùka kan. Ihò ọ̀hún ò fẹ̀ ju bíi nanomita 1 sí 2 lọ, nanomita kan sì jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì mú. Wọ́n rò pé ohun pupa inú sẹ́ẹ̀lì ló ń jò gba ojú ihò náà jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hemoglobin, tí í ṣe ohun pupa náà, tóbi ju ihò yẹn lọ, kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Iyọ̀ àti omi ló lè gbà á. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó lera kì í sinmi: ó ń lé sodium síta, ó ń fa potassium wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mú kí omi inú rẹ̀ wà ní ìwọ̀n. Bí ihò bá ti là sí i lára, gbogbo akitiyan yẹn ti di asán. Hemoglobin tó há sínú rẹ̀, tó tó mílíọ̀nù 270 nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, á wá máa fa omi mọ́ra. Omi á máa rọ́ wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tó pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀, tó dẹ́ kòtò láàárín, á máa wú títí tá á fi di róbótó, awọ rẹ̀ á sì bẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni hemoglobin tú síta. Ohun tó fìdí èyí múlẹ̀ ni pé bí wọ́n bá po nǹkan tó tóbi ju ihò náà lọ, bíi polyethylene glycol tó gùn dáadáa, mọ́ omi tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, nǹkan náà kò ní lè wọlé, á dá omi dúró síta, sẹ́ẹ̀lì ò sì ní bẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò ti wà lára rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ni wọ́n sábà máa ń fi dán irú oró yìí wò. Nǹkan bí ìdajì nínú àwọn ọ̀rá phospholipid tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì pupa àgùntàn ló jẹ́ sphingomyelin. Tiwa ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Oró tín-ín-rín ti tó láti tú ti àgùntàn.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n Àkànbí na fóònù sí mi, mi ò sì lè sọ fún un pé irọ́ ni. Ohun tí mo rí níwájú mi ni kò bá a mu.

Ti àkókò ni mo kọ́kọ́ rò. Ọjọ́ Sátidé ni nǹkan náà ta á. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni ìtọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúdú. Oró tó ń lu sẹ́ẹ̀lì ní ihò kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀la: bó bá kan ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo fi bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń bẹ́ nítorí omi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú láàbù, torí mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Mo mú ìgò kékeré méjì, mo bu omi iyọ̀ tí à ń fi ṣe dírípù sí ọ̀kan, mo bu omi lásán sí èkejì, mo sì kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ìka ara mi sí méjèèjì. Mo gbé ègé ìwé ìròyìn sẹ́yìn wọn. Èyí tó wà nínú omi iyọ̀ rú, kò ṣeé rí lẹ́tà kankan gbà inú rẹ̀, nítorí odidi sẹ́ẹ̀lì ló ń léfòó kiri níbẹ̀. Èyí tó wà nínú omi lásán kọ́kọ́ rú díẹ̀, lẹ́yìn náà ló mọ́ rekete. Ó pupa, ṣùgbọ́n ó ka gbogbo ohun tó wà lójú ìwé ìròyìn náà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí odidi sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀ mọ́. “Kíákíá báyìí?” ló bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èkejì ni ibi tí oró náà kàn. Ohun tí wọ́n ń kọ nínú ìwé ìmọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ oró tí wọ́n ti yọ jáde, tí wọ́n ti wẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì dà tààrà sórí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò. Ti Àkànbí jẹ́ ìwọ̀nba tó ta sí awọ ìka mẹ́ta. Sphingomyelin sì wà lára gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa, títí kan ti awọ ara, nítorí náà ibi tí oró bá balẹ̀ sí ni yóò ti rí ohun tí yóò lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ara ibẹ̀ fi ń jó, tó ń pọ́n, tó ń wú, tó sì jẹ́ pé kì í kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn. Mi ò sọ pé kò séwu rárá. Anemone kan wà tó ń jẹ́ Phyllodiscus semoni, ní apá ìwọ̀ oòrùn òkun Pàsífíìkì, tó ti ba kíndìnrín èèyàn jẹ́. Ẹbí actinoporin sì ni ọ̀kan nínú oró tí wọ́n rí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun tiwa kọ́ ni ìyẹn ń gbé, ìka Àkànbí kò sì wú ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, jẹ́ 17. Ọmọkùnrin tó tó o máa ń ní bíi 36 sókè. A wá kòkòrò ibà, a ò rí i. Jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AA, ìyá rẹ̀ mú ìwé rẹ̀ wá, a sì tún un ṣe. Nígbà tí ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, omi tó yọ sókè, tó yẹ kó ní àwọ̀ bíi koríko gbígbẹ, pupa. Tẹ́ẹ́rẹ́ ìwé tí a tì bọ inú ìtọ̀ rẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, bẹ́ẹ̀ nígbà tí a yí ìtọ̀ náà, kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan tó rì sísàlẹ̀, omi náà ò sì mọ́. Hemoglobin tó ti já sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni kíndìnrín rẹ̀ ń sẹ́ jáde. Ìdánwò Coombs sọ pé kì í ṣe ọmọ ogun ara rẹ̀ ló ń bá ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ jà.

Mo wá gbé sìláìdì sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Mi ò lè gbàgbé ohun tí mo rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ní géńgé létí, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹnì kan bù wọ́n jẹ. Nínú àwọn mìíràn, hemoglobin ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Mo po ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ́ aró kan tó ń jẹ́ methyl violet, mo fi sílẹ̀ díẹ̀, mo sì tún un wò. Àwọn àmì kékeré tó dúdú-àlùkò ti yọ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìhà inú awọ sẹ́ẹ̀lì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Heinz body ni orúkọ wọn. Hemoglobin tó ti bàjẹ́, tó dì, ni wọ́n. Spleen, ẹ̀yà ara tó wà lápá òsì lábẹ́ egungun ìhà, ló máa ń já wọn kúrò bí sẹ́ẹ̀lì bá ń kọjá, òun ló sì ń fi géńgé yẹn sílẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tí ihò ti lu kì í rí báyìí. Wíwú ló ń wú, tó sì ń bẹ́. Èyí tí mo rí yìí, hemoglobin ló kọ́kọ́ bàjẹ́ láti inú. Nǹkan kan tó ń fi oxygen jà ló wọ ara ọmọ yìí.

Mo jáde lọ bá wọn níta. Dókítà ti ń fa omi sí Àkànbí lára. Mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ni wọ́n ti fún ọmọ náà láti ìgbà tó ti dé. Ó ní paracetamol nìkan. Mo ní ṣé ẹ ò fún un ní oògùn ibà kankan? Rárá. Oògùn egbò? Rárá. Ẹ̀gbọ́n Àkànbí wo ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé: “Mọ́mì, ti Ìyá Àgbà ńkọ́?”

Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n délé ló ti ka ohun tó rí lórí fóònù sétí gbogbo ilé, pé oró òkun ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé àbúrò òun lọ sí ilé ìwòsàn nígbà yẹn ni. Ìyá àgbà gbọ́ “oró”, wọ́n sì ṣe ohun tí àwọn ìyá tiwọn ń ṣe sí oró.

Ìyá àgbà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìgò kan dání nínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní oró wọ ara ọmọ. Àdí ni à ń fi pa oró. Àdí ni mo fún un.” Mo ní, “Ẹ ṣeun mà. Kí ló wà nínú àdí náà?” Wọ́n ní káńfọ̀ ni. Wọ́n rà á ní ọjà Ìgbọ̀nà, wọ́n gún un kúnná, wọ́n pò ó mọ́ àdí. Wọ́n fi kan ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fún un mu pẹ̀lú síbí ní àárọ̀ àti alẹ́, ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹyọ káńfọ̀ kan ṣì wà nínú ọ̀rá náà. Wọ́n mú un jáde fún mi.

Mo ju ú sínú kọ́ọ̀bù omi. Ó rì lọ sí ìsàlẹ̀. Mo wá ń da iyọ̀ sínú omi náà, mo ń rò ó, títí iyọ̀ ò fi yọ́ mọ́. Káńfọ̀ náà gbéra nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì léfòó. Káńfọ̀ tó ti ara igi wá máa ń léfòó nínú omi lásán. Èyí tó bá rì nínú omi lásán, tó wá léfòó nínú omi tí iyọ̀ ti kún, naphthalene ni. Òun ni èyí tí a máa ń kó sínú àpótí aṣọ àti ilé ìyàgbẹ́.

Naphthalene kì í yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ nínú epo. Bí èèyàn bá gbé e mì pẹ̀lú epo, epo yóò bá a wọ ara ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà àdí náà ló gbé e wọlé. Bó bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di naphthol, á tún sọ ọ́ di naphthoquinone, àwọn yìí ló sì ń bí oxygen oníjàgídíjàgan tó ń ba hemoglobin jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí ìtọ̀ tó dúdú. Ọjọ́ Ajé ló kọ́kọ́ mu ún, Ọjọ́rú ni ìtọ̀ rẹ̀ yí padà. Ohun gbogbo wá bára mu.

Ó ku ìbéèrè kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti gbé káńfọ̀ mì ní Nàìjíríà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tú tó báyìí. Kí ló dé tó fi jẹ́ Àkànbí?

Sẹ́ẹ̀lì pupa ní ohun tó fi ń gbèjà ara rẹ̀, glutathione ni. Bó bá ti lò ó tán, ó ní láti tún un ṣe, ẹ́ńsáímù kan tó ń jẹ́ G6PD ló sì ń pèsè ohun tí yóò fi tún un ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù nínú ara ní ọ̀nà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní, nítorí kò ní mitochondria, ìyẹn ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí G6PD rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó lè gbé ayé rẹ̀ láìmọ̀, títí ohun tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò lè kojú yóò fi wọ ara rẹ̀. Ọdún 1956 ni Carson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé àìtó ẹ́ńsáímù yìí ló fà á tí oògùn ibà primaquine fi ń tú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Àwọn tó ní i lágbàáyé tó bíi mílíọ̀nù 400. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ó tó bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún, nítorí ibà ni. Ní Ìbàdàn, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, èyí tí G6PD rẹ̀ pé àti èyí tí kò pé, nínú ara kan náà, wọ́n sì rí i pé kòkòrò ibà ò pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kéré. Ọdún 1969 ni wọ́n gbé e jáde. Ohun tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀fọn náà ló wá sọ ọ́ di aláìlágbára níwájú káńfọ̀.

Ara kúrómósómù X ni àbùdá tó ń fa àìtó G6PD wà. Ìyá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin, ìyá náà sì lè má mọ̀ rárá.

Dókítà dá àdí náà dúró, ó ń fa omi sí i lára kí hemoglobin tó ń kọjá má baà dí kíndìnrín rẹ̀, a sì fún un ní ẹ̀jẹ̀ páìnì méjì. Ẹnì kan nínú àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé béèrè bóyá kí wọ́n gún un ní oògùn kan tó ń jẹ́ methylene blue. Wọ́n ò gún un, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí oògùn náà fúnra rẹ̀ ń tú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀ ò pé. Kíndìnrín rẹ̀ ò bàjẹ́. Irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà ló kọ́kọ́ ń bẹ́, nítorí ẹ́ńsáímù inú rẹ̀ ti rẹ̀ nínú ọgọ́fà ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun ṣì lókun. Ìtọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ní ọjọ́ kẹta, ó sì relé pẹ̀lú PCV 29.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa àyẹ̀wò G6PD, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Èyí tí a ṣe fún un lọ́jọ́ tó dé fẹ́ dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ́ńsáímù kékeré ti bẹ́ tán, àwọn ọ̀dọ́ ló kù tí a ń wọ̀n. Ká ní ibẹ̀ la parí sí ni, à bá ní ara rẹ̀ pé. A ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Wọ́n padà wá, a sì rí i kedere pé G6PD rẹ̀ kéré.

Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó ṣe ohun búburú nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka òtítọ́. Ìyá àgbà fi ìfẹ́ ṣe ohun tí wọ́n mọ̀. Mo jókòó ti ìyá àgbà fún ìgbà pípẹ́, mo sì sọ fún wọn pé ìwà ìkà kankan ò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sunkún, wọ́n ní, “Ọwọ́ mi ni mo fi pò ó.” Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tó mú kí orí mi wú: ṣé káńfọ̀ tí àwọn kó sínú àpótí aṣọ ọmọ tuntun tí aya ọmọ wọn máa bí lóṣù tó ń bọ̀ náà ni wọ́n ń sọ yìí?

Òun náà ni. Èyí ló sì ń bà mí lẹ́rù jù lọ. Naphthalene máa ń gba inú atẹ́gùn àti awọ ara wọlé, awọ ọmọ ọwọ́ sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò tíì lè ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Aṣọ tó ti wà nínú káńfọ̀ fún oṣù mélòó kan, tí wọ́n kàn yọ jáde tí wọ́n sì wọ̀ fún ọmọ tuntun, ti tó láti tú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ ò pé. Ojú ọmọ á pọ́n. Bí ohun tó ń mú un pọ́n náà bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ, ọmọ tó bá sì yè é lè má gbọ́ràn mọ́, tàbí kó má lè dìde jókòó. Mo ti rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n sínú oòrùn àárọ̀ kẹ́ ẹ máa retí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n wọn bilirubin rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú ojú rẹ̀ pọ́n, kí wọ́n sì gbé e sábẹ́ iná tó bá yẹ. Ìyá àgbà fúnra wọn ló kó gbogbo aṣọ inú àpótí náà, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n sì sá wọn sínú oòrùn. Ewé efinrin àti atare gbígbẹ ni wọ́n fi rọ́pò káńfọ̀.

Ní ti anemone, ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n Àkànbí ni pé bí ó bá tún ta ẹnì kan níṣojú rẹ̀, kó fi omi òkun ṣan ibẹ̀, kó yọ ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn láìfi ọwọ́ lásán kàn án, kó fi omi gbígbóná tí ara lè gbà rẹ ẹ́, kó sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn bí kò bá lè mí dáadáa, bí ojú rẹ̀ bá wú, tàbí bí ìtọ̀ rẹ̀ bá yí padà. Epo pupa ò sí nínú rẹ̀, àdí ò sí nínú rẹ̀.

A yẹ àbúrò Àkànbí ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 wò, G6PD tirẹ̀ náà kéré. A kọ káàdì fún àwọn méjèèjì. Àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹra fún ló wà lára rẹ̀: naphthalene, primaquine, dapsone, nitrofurantoin, methylene blue, àti làálì fún ọmọ kékeré. Ìyá wọn ṣe ẹ̀dà káàdì náà fún ilé ìwé wọn, ó fún Àǹkù ní Èkó ní ọ̀kan, ó sì lẹ ọ̀kan mọ́ ara ìlẹ̀kùn yàrá ìyá àgbà.